Ẹ Bi Wá Léèrè: James Stewart, àdéhùn rẹ̀ àti fíìmù rẹ̀

Lẹ́tà tó pọ̀ jù nínú àpò wa lóṣù yìí dá lórí James Stewart, òṣèré ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1908 ní ìlú Indiana, ìpínlẹ̀ Pennsylvania, tó sì jáde láyé ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1997. A ti pa àwọn ìbéèrè tó jọra pọ̀. Ọ̀rọ̀ owó ló gba àyè jù, kò sì yà wá lẹ́nu. Ẹni tí kò bá mọ bí Stewart ṣe ń gba owó rẹ̀ kò lè mọ ìdí tí àwọn fíìmù tó ṣe lẹ́yìn ọdún 1950 kò fi jọ ti ìṣáájú.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo gbọ́ pé Stewart ni òṣèré àkọ́kọ́ tó kọ owó ọ̀yà sílẹ̀, tó ní ìdá èrè lòun ń fẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Báwo ni àdéhùn náà ṣe lọ gan-an?

Ìdáhùn: Kì í ṣe òun ni àkọ́kọ́. Mary Pickford ti ń pín nínú èrè fíìmù rẹ̀ láti ọdún 1916, nígbà tí sinimá kò tíì máa fọhùn. Àmọ́ nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi àdéhùn ọlọ́dún gbọọrọ de òṣèré mọ́lẹ̀, àṣà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ tán. Stewart àti aṣojú rẹ̀, Lew Wasserman ti MCA (ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe aṣojú àwọn òṣèré), ni wọ́n jí i dìde ní ọdún 1950, tiwọn làwọn tó kù sì wá ń tẹ̀ lé.

Ilé-iṣẹ́ fíìmù Universal ń fẹ́ Stewart fún fíìmù méjì: Harvey, tó ti ṣe lórí ìtàgé ní New York, àti Winchester '73, tó jẹ́ fíìmù kábọ́ì. Iye tó ń béèrè jẹ́ 200,000 dọ́là. Universal kò rí irú owó bẹ́ẹ̀ kó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ní ilé sinimá tirẹ̀ bíi MGM àti Paramount, nítorí náà owó tó ń wọlé fún un kì í dúró sójú kan. Wasserman wá sọ pé kí wọ́n má san owó ọ̀yà kankan lórí Winchester '73. Bí fíìmù náà bá jèrè, kí Stewart mú ìpín tirẹ̀; bí kò bá jèrè, kó pa á mọ́ra. Ó tún fi kún un pé kí Stewart ní ẹnu ọ̀rọ̀ nínú ẹni tí yóò darí fíìmù náà àti àwọn tí yóò bá a ṣeré. Ìyẹn ló fi lè fọwọ́ sí Anthony Mann, ọkùnrin tí yóò bá a ṣe fíìmù mẹ́jọ láàárín ọdún bíi mélòó kan.

Fíìmù náà tà. Nǹkan bí 600,000 dọ́là ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó bọ́ sọ́wọ́ Stewart, ìlọ́po mẹ́ta ohun tó béèrè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé oríire lásán ni. Aláwọ̀ dúdú àti funfun ni fíìmù náà, iye tí wọ́n ná lé e lórí kò pọ̀, owó náà sì tètè padà. Ibẹ̀ gan-an ni irú àdéhùn yìí ti máa ń yọ ènìyàn tàbí kó gbé e ṣubú. Kí wọ́n tó pe ohunkóhun ní èrè, wọn yóò kọ́kọ́ yọ iye tí wọ́n fi ya fíìmù, owó ẹ̀dà tí wọ́n pín fún ilé sinimá, owó ìpolówó, àti owó tí ilé-iṣẹ́ ń bù fún ara rẹ̀ nítorí pé òun ló pín in kiri. Fíìmù olówó ńlá lè kún fọ́fọ́ níbi gbogbo, kí ìwé ìṣirò ṣì máa sọ pé gbèsè ló wà. Fíìmù tí kò náni púpọ̀ ni ìdá èrè ti ń dùn.

Owó-orí náà dá sí i. Láti ọdún 1951 títí di 1963, ìjọba Amẹ́ríkà ń gba ju dọ́là 90 lọ nínú ọgọ́rùn-ún lórí apá tó ga jù lọ nínú owó tó wọlé fún olówó ńlá lọ́dún kan. Ẹni tó bá gba owó ọ̀yà rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan, ìjọba ló ṣiṣẹ́ fún. Ìdá èrè máa ń wọlé díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀, gbogbo rẹ̀ kò sì ní bọ́ sí ọ̀wọ́ tó ga jù yẹn.

Òṣèré mìíràn, William Holden, tún fẹ́ ṣọgbọ́n ju ìyẹn lọ. Lórí The Bridge on the River Kwai (1957), kò dúró de èrè. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé ló gbà. Ó sì ní kí wọ́n má san ju 50,000 dọ́là lọ lọ́dún, kí owó-orí má bàa gbé e jẹ. Fíìmù náà pa owó tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé owó Holden jókòó sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́, àwọn ni wọ́n ń jẹ èlé rẹ̀, òun ń gba 50,000 tirẹ̀ lọ́dọọdún. Àdéhùn Stewart kò ní irú ìdè yẹn.

Ìbéèrè: Kí ló fà á tí kò fi béèrè fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí ogun tó dé? Ṣebí ó ti lókìkí nígbà yẹn?

Ìdáhùn: Kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ọdún 1935 ló tọwọ́ bọ ìwé ilé-iṣẹ́ fíìmù MGM. Ọdún méje ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ nìkan ló lè fòpin sí i ṣáájú. Òṣèré kò lè sọ pé ó tó. Tó bá kọ iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún un, wọn yóò dá a dúró láìsanwó, wọn yóò sì fi àkókò ìdádúró náà kún ọdún àdéhùn. Ẹni tó bá ń kọ iṣẹ́ lemọ́lemọ́ lè lo ọdún mẹ́wàá lórí ìwé ọlọ́dún méje.

Wọ́n tún máa ń yá òṣèré fún ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ohun tí ayálò bá san ju owó ọ̀yà òṣèré lọ, MGM ló ń kó o sápò. Ẹ wo ohun tó gbé Stewart ga: You Can't Take It with You (1938) àti Mr. Smith Goes to Washington (1939), ti Columbia ni méjèèjì. Destry Rides Again (1939), ti Universal ni. MGM ló ni í, ṣùgbọ́n àwọn ará ìta ló kọ́kọ́ mọ ohun tó lè ṣe. Ìgbà tó di ọdún 1940 ni MGM fún un ní iṣẹ́ gidi méjì, The Shop Around the Corner àti The Philadelphia Story. Èkejì ló fún un ní Oscar.

Ẹni tó já ìdè yìí fún gbogbo wọn ni òṣèrébìnrin Olivia de Havilland. Ó pe Warner Bros., ilé-iṣẹ́ tó de òun, lẹ́jọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1944, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn California sọ pé ọdún méje tí òfin ìpínlẹ̀ náà mẹ́nu bà, ọdún méje orí kàlẹ́ńdà ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àkókò ìdádúró kún un. Nígbà tí Stewart ti ogun dé ní ọdún 1945, kò padà tọwọ́ bọ ìwé MGM mọ́. Láti ìgbà náà lọ, fíìmù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń bá a dúnàádúrà lé lórí.

Ìbéèrè: Ṣé ó jagun lóòótọ́, àbí àwòrán ìpolówó ni wọ́n kàn ń ya?

Ìdáhùn: Ó jagun. Ó ti ní ìwé àṣẹ awakọ̀ bàlúù kí ogun tó dé. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ torí pé ó tín-ínrín jù fún gígùn rẹ̀. Ó wọṣẹ́ ológun ní oṣù Kẹta ọdún 1941, kò tíì pé oṣù kan tó gba Oscar. Lẹ́yìn ọdún méjì tó ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ìwakọ̀, wọ́n gbé e lọ sí Tibenham, ní England, gẹ́gẹ́ bí olórí ọ̀wọ́ bàlúù B-24 tó ń ju bọ́ǹbù. Ogún ìgbà ló jáde lọ sójú ogun. Ó wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun lásán, ó jáde gẹ́gẹ́ bíi kọ́nẹ́ẹ̀lì. Ní ọdún 1959 ó di ọ̀gágun nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú tí wọ́n ń fi pamọ́ de ìgbà tí wọ́n bá nílò wọn (Air Force Reserve). Nígbà tó padà sí Hollywood, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ ogun òun polówó fíìmù. Fún ọdún márùn-ún gbáko, láti 1941 sí 1946, kò sí fíìmù tuntun kankan tí Stewart ti jẹ́ aṣáájú òṣèré.

Ìbéèrè: Wọ́n ní fíìmù Stewart, It's a Wonderful Life, ti di ti gbogbo ayé, pé kò ní olówó mọ́. Mo fẹ́ gé apá kan níbẹ̀ gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé kò séwu?

Ìdáhùn: Ewu wà, ẹ má ṣe é. Nǹkan ọdún 19 ni ọ̀rọ̀ yẹn fi jẹ́ òótọ́, kò jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Stewart fúnra rẹ̀ sì wà lára ìdí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló pàdánù.

Nígbà tí fíìmù náà jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1946, òfin Amẹ́ríkà ń fún oníṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ àdàkọ fún ọdún 28, tí yóò sì tún un ṣe (ìyẹn ni pé kó tún ẹ̀tọ́ náà forúkọ sílẹ̀) kó tó lo ọdún 28 mìíràn. Ní ọdún 1974, ẹni tó ni fíìmù náà gbàgbé láti tún un ṣe. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wá ń gbé e jáde lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà Kérésìmesì kọ̀ọ̀kan. Fíìmù tó pàdánù owó ní ilé sinimá ló sì di èyí tí gbogbo ilé mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká yà sọ́dọ̀ fíìmù mìíràn díẹ̀. Rear Window (1954), Paramount ló pín in, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí olùdarí rẹ̀, Alfred Hitchcock, àti Stewart jọ ni ló ní in lọ́wọ́. Ìtàn kúkúrú kan tí Cornell Woolrich kọ, tó jáde ní ọdún 1942, ni wọ́n fi ṣe é. Woolrich ti tà ẹ̀tọ́ fíìmù rẹ̀, ó sì ti ṣèlérí pé bí àkókò àtúnṣe bá dé, àwọn tó rà á ni òun yóò fún. Ó kú ní ọdún 1968 kí àkókò náà tó pé. Sheldon Abend, aṣojú àwọn òǹkọ̀wé, ra ẹ̀tọ́ tí wọ́n tún ṣe náà lọ́wọ́ báńkì tó ń bójú tó ogún rẹ̀: 650 dọ́là, pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá nínú ohun tó bá ti ibẹ̀ wọlé. Ó wá sọ pé ẹni tó bá tún fẹ́ gbé Rear Window jáde gbọ́dọ̀ bá òun sọ̀rọ̀. Ẹjọ́ náà dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, orúkọ Stewart ló sì ṣáájú lórí ìwé ẹjọ́. Ní ọdún 1990, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta fún Abend láre: ikú òǹkọ̀wé ti ba ìlérí náà jẹ́, ẹni tó bá ní ìtàn ìpìlẹ̀ sì lè dá fíìmù tí wọ́n fi í ṣe dúró.

Republic Pictures, ilé-iṣẹ́ fíìmù kan, gbọ́, ó sì lóye. It's a Wonderful Life náà ní ìtàn kúkúrú tó ti wá, ẹ̀tọ́ ìtàn yẹn kò sì tíì kú. Wọ́n di í mú, wọ́n rà ẹ̀tọ́ orin inú rẹ̀ náà, nígbà tó sì di ọdún 1993 wọ́n sọ fún gbogbo ilé tẹlifíṣọ̀n pé ọ̀fẹ́ ti tán. Àwòrán orí fíìmù ló bọ́ lọ́wọ́ olówó rẹ̀, ìtàn àti orin kò bọ́. Ẹ̀dà tí wọ́n kùn ní àwọ̀ tún ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. (A ò gbà yín nímọ̀ràn láti wo aláwọ̀ yẹn rárá. Joseph Walker àti Joseph Biroc, àwọn tó di kámẹ́rà mú fún un, kò tan iná fún àwọ̀.)

Ọ̀kan lára yín tún béèrè nípa yìnyín inú rẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1946 ni wọ́n ya fíìmù náà ní California, oòrùn ń mú. Àgbàdo pẹlẹbẹ inú páálí tí wọ́n kùn ní funfun ni wọ́n máa ń fi ṣe yìnyín tẹ́lẹ̀. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n gba ohùn sílẹ̀, àfi kí òṣèré padà wá sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn ará ilé-iṣẹ́ fíìmù RKO po fóòmù apaná mọ́ ọṣẹ àti omi, wọ́n fi fáànù ńlá fẹ́ ẹ. Kò dún, ó sì ń lẹ̀ mọ́ aṣọ bíi yìnyín gidi. Wọ́n gba ẹ̀bùn ìmọ̀ ẹ̀rọ lórí rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé lóòótọ́ ni wọn ò gé fíìmù Hitchcock tó ń jẹ́ Rope rárá, pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n yà á?

Ìdáhùn: Kò ṣeé ṣe. Fíìmù 35mm (ọ̀já tí wọ́n ń ya àwòrán sí) máa ń lo ẹsẹ̀ 90 ní ìṣẹ́jú kan, àpótí kámẹ́rà sì ń gba ẹsẹ̀ 1,000. Ìṣẹ́jú 11 ló tán. Rope (1948) gùn tó ìṣẹ́jú 80. Yíyà gígùn mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn àwòrán òpópónà tó ṣí i. Níbi tí fíìmù bá fẹ́ tán, kámẹ́rà yóò sún mọ́ ẹ̀yìn ẹnì kan títí gbogbo rẹ̀ yóò fi ṣú, wọn yóò pààrọ̀ fíìmù, wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ wò ó: kì í ṣe gbogbo ojú ìgé ni wọ́n fi pa mọ́. Róòlù tí ilé sinimá ń lò gùn tó ogún ìṣẹ́jú, nítorí náà níbi tí wọn yóò ti pààrọ̀ róòlù, wọ́n gé e gbangba.

Ìnira ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Kámẹ́rà Technicolor, tó ń ya aláwọ̀, tóbi gan-an. Ògiri yàrá wà lórí àgbá kẹ̀kẹ́, wọ́n ń tì í sẹ́yìn kí kámẹ́rà lè kọjá, wọ́n sì ń gbé àga kúrò lọ́nà nígbà tí òṣèré ń sọ̀rọ̀ lọ. Ẹni tó bá ṣì í sọ ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, ìbẹ̀rẹ̀ ni wọn yóò padà sí. Nígbà tí wọ́n parí tán, Hitchcock rí i pé àwọ̀ oòrùn tó ń wọ̀ lójú fèrèsé pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì tún apá tó gbẹ̀yìn yà.

Ti Stewart fúnra rẹ̀? Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tó dára jù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wákàtí kó tó wọlé, olùkọ́ ọlọ́gbọ́n àrékérekè tó sì yẹ kó jẹ́ kò bá a lára mu. Ohun tó ń gbé Stewart ró ni ìkólòlò, ìdákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, ọwọ́ tó ń wá ibi tí yóò dúró sí. Kámẹ́rà tí kò gbọdọ̀ dúró kò fún un láyè.

Ìbéèrè: Báwo ni oníwà pẹ̀lẹ́ yìí ṣe di oníbìínú nínú fíìmù kábọ́ì? Ẹṣin yẹn ńkọ́, ṣé ọ̀kan náà ni?

Ìdáhùn: Nígbà tí ogun parí, ọmọdékùnrin aláìmọ̀kan tó máa ń ṣe kò wọ̀ ọ́ mọ́, ó sì ti sún mọ́ ọmọ ogójì ọdún. Anthony Mann fún un ní ọkùnrin tí nǹkan kan ń jẹ lọ́kàn. Nínú Winchester '73, ẹ wo ibi tó ti di orí Dan Duryea mọ́ orí káńtà ọtí. Ojú yẹn, kò sẹ́ni tó rí i lójú Stewart rí kó tó di ìgbà náà. Fíìmù kábọ́ì márùn-ún ni wọ́n jọ ṣe: Winchester '73, Bend of the River, The Naked Spur, The Far Country àti The Man from Laramie. Èyí tó dára jù lójú wa ni The Naked Spur (1953). Òṣèré márùn-ún péré ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ lé èjìká, Stewart sì ń sunkún níparí rẹ̀ láìtijú. Wọ́n yapa lórí Night Passage (1957): Mann kọ̀ láti darí rẹ̀, wọn kò sì jọ ṣiṣẹ́ mọ́.

Ọ̀kan náà ni ẹṣin. Pie lorúkọ rẹ̀, nǹkan bí ogún ọdún ni Stewart fi gùn ún. Olówó rẹ̀ kò gbà láti tà á fún un.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí Vertigo kò fi tà nígbà tó jáde?

Ìdáhùn: Ìtàn tí aṣiri rẹ̀ tú nígbà tí fíìmù ṣì kù gan-an, tí kò sì ní ìparí ayọ̀, kò bá àwọn òǹwòran 1958 lára mu. Wọ́n tún sọ pé Hitchcock dá ọjọ́ orí Stewart lẹ́bi: ó ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún, Kim Novak, tó bá a ṣeré, kò sì tíì pé 25. Bó ti wù kó rí, Cary Grant ni Hitchcock mú fún fíìmù tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́rin ni Grant fi ju Stewart lọ! Columbia ló fi àdéhùn de Novak. Kí wọ́n tó yọ̀ǹda rẹ̀, Stewart ní láti bá a ṣe Bell, Book and Candle fún àwọn náà lọ́dún kan náà. Ní ọdún 2012, ìwé ìròyìn Sight and Sound gbà ìbò àwọn aṣàríwísí káàkiri ayé, Vertigo ló sì wà lókè.

Fún ẹni tó béèrè nípa àtẹ̀gùn ilé ìjọsìn tó ń fà gùn: wọ́n ń fa kámẹ́rà sẹ́yìn bí lẹ́ǹsì ṣe ń fa àwòrán súnmọ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Àtẹ̀gùn gidi kò gba irú rẹ̀, nítorí náà wọ́n kọ́ kékeré kan, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kámẹ́rà sì ń rìn lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ.

Ìbéèrè: Ohùn tó há nínú Mr. Smith, ṣé ó ṣe é ni?

Ìdáhùn: Dókítà ló kán oògùn tó ní mẹ́kúrì nínú sí i lọ́fun, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wú. Májèlé ni. Kí ẹnikẹ́ni má dán an wò.

Ìbéèrè: Irú ẹ̀dà wo ló yẹ kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo bí àwòrán ṣe fẹ̀ tó. Fíìmù rẹ̀ tó ti jáde kí ọdún 1953 tó dé fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní ìbú àti òró. Dúdú yóò wà lápá ọ̀tún àti òsì tẹlifíṣọ̀n yín, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bí àwòrán Winchester '73 bá kún ojú tẹlifíṣọ̀n pátá, wọ́n ti gé orí tàbí ẹsẹ̀ ẹnì kan. Ìdàkejì ni The Man from Laramie (1955): CinemaScope ni, ìbú rẹ̀ fi díẹ̀ ju ìlọ́po méjì àbọ̀ òró lọ, dúdú gbọ́dọ̀ wà lókè àti nísàlẹ̀. Àwọn ẹ̀dà tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ gé e débi pé ẹni méjì ń sọ̀rọ̀, ẹnì kan ṣoṣo lẹ ń rí.

Strategic Air Command, The Man Who Knew Too Much àti Vertigo, VistaVision ni wọ́n. Fíìmù ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá nínú kámẹ́rà dípò kó máa sọ̀ kalẹ̀, àwòrán kọ̀ọ̀kan sì gba ihò mẹ́jọ dípò mẹ́rin. Nítorí náà, bí ẹ̀dà Vertigo yín bá ṣú tàbí tó rí hóró-hóró, ẹ̀dà yẹn ni kò dáa. Robert Harris àti James Katz tún un ṣe ní ọdún 1996, àwọ̀ rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n wọ́n gba ìró ẹsẹ̀, ti ìbọn àti ti ọkọ̀ sílẹ̀ lákọ̀tun, ó sì hàn pé kò bá ọdún 1958 mu. Bí dísìkì yín bá ní ohùn mono àtijọ́ (tí gbogbo ohùn ń gba ojú kan ṣoṣo jáde), ẹ wọ ibi ètò ohùn, kí ẹ mú un.